Bí Jàfárù Ṣe Pín Oògùn

"Bàbá, kí ni wọ́n jẹ tàbí tí wọ́n lò láti àná?"

Ìgbà kejì nìyí tí Dókítà Ìbíyẹmí yóò bi Jàfárù ní ìbéèrè yìí, ohùn rẹ̀ kò sì dẹ̀ mọ́. Aasiyah, ìyàwó kejì Jàfárù, ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láàárín àwọn méjèèjì. Ètè rẹ̀ ti wú, ahọ́n rẹ̀ náà sì ti ń wúwo lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ti gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì ti fi rọ́bà ọ́síjìn sí i nímú, síbẹ̀ bó ṣe ń mí kò tẹ́ni lọ́rùn.

"Ẹ̀wà ló jẹ," ni Jàfárù dáhùn. "Ẹ̀wà àti gàrí ṣá."

"Ṣé ẹ̀wà ti ṣe wọ́n báyìí rí?"

"Rárá o."

"Oògùn tí a fún wọn nìkan ni wọ́n ń lò? Ẹ ò fi nǹkan mìíràn kún un?"

Aasiyah gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. Ó rọra mi orí, kí dókítà má baà rí i. Ó ń bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó má sọ ọ́.

Jàfárù mọ ìdí rẹ̀. Ọkàn ló ń yọ ìyàwó rẹ̀ méjèèjì lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́dún gbọọrọ ló sọ ọkàn Bàrákàt, ìyálé tí í ṣe Ìyá Wàsíù, di aláàárẹ̀. Ní ti Aasiyah, ìgbà tó bí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ni tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé ìwòsàn yìí ń wá àwọn tí wọn yóò fi ṣèwádìí oògùn ọkàn, àwọn méjèèjì gbà láti kópa. Wọ́n ṣàlàyé fún wọn yékéyéké: oògùn méjì ni, ọ̀kan tuntun, ọ̀kan sì ni èyí tí wọ́n ti ń lò tipẹ́. Kọ̀ǹpútà ni yóò yàn fún oníkálukú. Aláìsàn ò ní mọ èyí tó kan òun, dókítà pàápàá ò ní mọ̀, nítorí pé hóró méjèèjì jọra bí ìbejì. Wọ́n tún kìlọ̀ pé ẹni tó bá lo oògùn ẹlòmíràn yóò kúrò nínú ìwádìí náà.

Kò pẹ́ tí ojú fi rí ohun tí kọ̀ǹpútà fi pamọ́. Wíwú ẹsẹ̀ Bàrákàt wálẹ̀. Obìnrin tí kì í lè rìn dé ẹnu géètì láìdúró sinmi bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn lọ sá aṣọ. Ti Aasiyah kò yí padà. Kò ráhùn, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. "Àna mi, ṣé ìyálé nìkan lẹ fẹ́ kó yè ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Jàfárù lára. Káfíńtà ni ní Egan, kò sì sí ohun tí kì í wọ̀n. Bó bá ra ẹran, dọ́gbadọ́gba ni yóò pín in. Bó bá sùn ní yàrá ìyálé lónìí, yàrá ìyàwó ló kàn lọ́la. Ààfáà wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé pé ọkùnrin tó bá fì sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kan ni yóò wọ́ lọ́jọ́ àjíǹde. Òun náà ló sì ń tọ́jú oògùn fún wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó da ìgò méjèèjì sínú abọ́ kan, ó rò wọ́n pọ̀, ó sì pín wọn padà ní ọgbọọgba. Ó ṣe é tán, ó tún kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́. Nígbà tó sọ fún àwọn ìyàwó rẹ̀, Aasiyah dúpẹ́. Bàrákàt gba ìgò tirẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ.

"Bàbá, mi ò bá yín jà o," ni dókítà wí. "Àmọ́ tí wíwú yìí bá dé ọ̀nà ọ̀fun wọn, tí mi ò sì mọ ohun tó fà á, ewu ńlá ni."

Ẹ̀rù ba Jàfárù. Bó bá sọ̀rọ̀, Bàrákàt yóò pàdánù oògùn tó gbé e dìde. Bó bá dákẹ́, Aasiyah lè kú lójú rẹ̀. Èyí kò ṣeé pín.

"Mo pò ó pọ̀ ni, Dókítà. Tàwọn méjèèjì. Mo pò ó, mo sì pín in."

Aasiyah di ojú rẹ̀.

"Áà, Bàbá." Dókítà kọ́kọ́ yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó sọ ohun tí yóò gbé wá fún un, kó tó padà sọ́dọ̀ Jàfárù. "Oògùn méjèèjì yẹn ò gbọdọ̀ pàdé nínú ara ẹnì kan. Ìyá Wàsíù ńkọ́? Ṣé wọ́n ti lo tòní?"

"Ó ti lo tàárọ̀. Ó ku tìrọ̀lẹ́."

"Ẹ pè wọ́n báyìí. Kí wọ́n má fi kan ẹnu mọ́, kí wọ́n sì máa bọ̀ níbí."

"Tó bá yá, ẹ ṣì máa dá tiẹ̀ padà fún un, àbí?"

"Èyí tí gbogbo èèyàn ń lò la máa fún wọn. Ìwádìí yìí ti parí fún àwọn méjèèjì. Ẹ má bínú, sà."

Bàrákàt tètè gbé fóònù. Kò mí hẹlẹhẹlẹ bíi tàtẹ̀yìnwá. "Bàbá Wàsíù, Aasiyah ńkọ́?"

"Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀." Ó sọ ìyókù fún un, ó ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

"Kẹ́ ẹ tó pín in, ẹ ò bi mí," ni Bàrákàt wí. Kò pariwo. "Ara mi lẹ pín yẹn. Ẹ bù lára mi, ẹ tún wá fi pa ọmọ ọlọ́mọ lára."

"Ìyá Wàsíù, ẹ jọ̀ọ́…" Kò tíì fi 'ẹ' bá a sọ̀rọ̀ rí láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ.

"Ẹ gbé fóònù fún un."

"Kò lè sọ̀rọ̀."

"Èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀."

Ó gbé fóònù sí Aasiyah létí. Aasiyah gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yíjú sí ògiri kó lè gbọ́ ìyálé rẹ̀ dáadáa. Jàfárù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ rẹ̀ sí.