Ọwọ́ Òsì Dára

Ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Egan, káàdì Ọjọ́ Àwọn Ìyá kì í mú wàhálà dání. Àǹtí Tòún á ká páálí funfun sí méjì, á po ọ̀dà pupa sínú abọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú káàdì. Ọwọ́ ọ̀tún ni o. Tòún ò gbà kí ọmọ kankan fi òsì kí ìyá rẹ̀. Ta ni wọ́n ń fi òsì kí?

Olúwadárasími nìkan ló bá a fà á lọ́dún tó kọjá. Ọlọ́wọ́ òsì ni Dára, olóríkunkun ni pẹ̀lú. Ibà ló pa á nígbà ìsinmi Kérésì. Àwọn ẹbí ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe: wọn ò jẹ́ kí bàbá àti ìyá mọ ojú oórì, wọ́n kó aṣọ, bàtà àti fọ́tò ọmọ náà kúrò nílé, wọ́n ní kí ìyá lè gbàgbé. Àwọn tó ń pè é ní Mọ́mì Dára tẹ́lẹ̀ yí ohùn padà, ó di Sista Miriam. Àfi bí ẹni tí ò bímọ rí.

Lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí Tòún ń ṣa àwọn káàdì tó ti gbẹ lójú fèrèsé, ó rí i pé ọ̀kan lé. Ọwọ́ òsì kékeré ló wà lára rẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí i. Ó pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé òsì wọn lé àmì náà, kò bá ti ẹnikẹ́ni mu. Olúwakáyọ̀dé, tó máa ń jókòó ti Dára, ní kí Àǹtí má bínú, Dára ló ṣe é, ó sì ti lọ fọ ọwọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá.

Nígbà tí Ìyáàfin Sàlàkọ́, tó ni ilé ìwé, gbọ́, ó pàṣẹ pé kí wọ́n sun ún, kí ìyá ọmọ má gbọ́ rárá. Tòún fẹ́ sun ún lóòótọ́. Ẹ̀rù ń bà á nínú kíláàsì tó ti ń kọ́ ọmọ láti ọdún pípẹ́ wá. Àwọn ọmọ ti lọ sílé. Bó ṣe kọjú sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú káàdì àti ìṣáná lọ́wọ́, Sista Miriam ló dúró síbẹ̀. Ó ti rù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan ẹ̀ kankan lọ́dọ̀ yín? Ohunkóhun ṣá. Wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ lọ. Mo ti ń gbàgbé ojú ẹ̀."

Bí Tòún bá fún un, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó tún burú jù, orí obìnrin náà lè dàrú. Bí kò bá sì fún un, kí ló kù fún un láyé? Àánú ṣe é ju bí ẹ̀rù ṣe ń bà á lọ.

"Mọ́mì Dára," ó pè é, "tiyín rèé."

Obìnrin náà wo káàdì náà títí. Kò sunkún. Ó rọra gbé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ kékeré náà. Nígbà tó gbé e kúrò, ọ̀dà pupa ti bá a lọ́wọ́. Tòún ní kí òun bu omi wá. Ìyá náà ní rárá. Ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Kò tíì gbẹ," ó ní. "Kò tíì pẹ́ tó jáde níbí."