Òdìkejì Títì

Èmi Homnath ni mo ń kí àlejò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ìlú Butwal, ní gbogbo Sátidé tí à ń jọ́sìn. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi. Mo fẹnu ara mi bẹ pásítọ̀ pé ibẹ̀ ni kí wọ́n fi mí sí, nítorí bàbá mi. Láti ọjọ́ tí mo ti di onígbàgbọ́ ni bàbá ò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo ti fi í sọ́kàn pé ó ń bọ̀ wá lọ́jọ́ kan, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíì kí i ṣáájú mi.

Iṣẹ́ náà ò le. Màá pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, màá tẹrí ba, màá ní "Jai Masih," bí àwa onígbàgbọ́ ibí ṣe ń kíra wa, màá sì to bàtà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ kí ẹnì kan má baà wọ bàtà oníbàtà lọ. Sanumaya tó ń ta tíì ní òdìkejì títì ló máa ń gbé ife tèmi wá bá mi, torí ó mọ̀ pé mi ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Aláwàdà ẹ̀dá ni. Lọ́jọ́ kan, ó ní oníbàárà òun kan sọ pé mo ń tẹrí ba jù, pé ẹ̀yìn á dùn mí. Inú bí mi. Mo ní kó lọ sọ fún un pé tí ìtẹríba mi bá ń dùn ún, kó sọdá wá síbí. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ife rẹ̀ lọ.

Ní Sátidé tó kọjá, orin ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé nígbà tí mo rí Tikaram àbúrò mi tó ń bọ̀. Aṣọ funfun ló wọ̀ látòkè délẹ̀, bàtà rẹ̀ funfun, wọ́n sì ti fá orí rẹ̀ kodoro. Ta ni ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí? Òbí ti kú.

Ìyá mi ni mo rò pé ó lọ. Àbíkẹ́yìn ló ń dáná sun òkú ìyá nílẹ̀ wa, àkọ́bí ló ń dáná sun ti bàbá, èmi sì ni àkọ́bí, Tikaram ni àbíkẹ́yìn. Tó bá jẹ́ bàbá ni, ta ló tó láti fọwọ́ kan iná láì ránṣẹ́ pè mí? Mo gbá àbúrò mi mọ́ra, mo bú sẹ́kún, mo ń ké ìyá mi, ìyá mi.

Tikaram rọra yọ ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyá wà nílé. Bàbá ni."

Mo di apá rẹ̀ mú. "Ta ló wá dáná sun wọ́n?"

"Èmi ni. Àwọn àbúrò bàbá ní tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di onígbàgbọ́ bá fọwọ́ kan igi tí a fi sun wọ́n, ọkàn bàbá ò ní rọ́nà lọ. A ti ṣe ètò ọjọ́ kẹtàlá tó kẹ́yìn ìsìnkú tán."

Háà! Wọ́n sun bàbá mi, wọ́n da eérú wọn sódò, wọ́n parí gbogbo rẹ̀, èmi wà níbí, mò ń to bàtà. Mo bi í tìbínú-tìbínú pé kí ló wá wá ṣe, ṣé kó lè fi orí fífá hàn mí ni.

Kò bá mi jà. Ó nawọ́ sí òdìkejì títì, sí àga kan lẹ́yìn ààrò Sanumaya tí mi ò kíyè sí rí.

"Ibẹ̀ yẹn ni bàbá máa ń jókòó sí ní Sátidé. Èmi ni mo máa ń fi ọ̀kadà gbé wọn wá. Wọ́n ní àwọn ò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì láéláé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sọdá wá mu tíì, àwọn á bá yín sọ̀rọ̀. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ fún yín, pé kẹ́ ẹ fúnra yín wá."

Oníbàárà tó ní ẹ̀yìn á dùn mí! Bàbá mi ni mo ránṣẹ́ sí pé kó sọdá wá.

Obìnrin kan dé iwájú mi, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó ń retí kí n kí òun. Mo kọjá lára rẹ̀, mo sọdá títì, mo lọ jókòó sórí àga náà. Láti ibẹ̀, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì hàn kedere, àti ibi tí mo máa ń dúró sí. Sanumaya ò lè wò mí lójú. Ó bu tíì, ó gbé e síwájú mi.