Òkúta Ẹnu Ọ̀nà Iraida

"Ọ̀gá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ojú yẹn!"

Arsuaga, òṣìṣẹ́ ìjọba láti San Juan, wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí òkúta tí Iraida, ìyá onílé tó kígbe mọ́ ọn, fi ṣe àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ló dúró lé. Bàtà rẹ̀ bo ojú tí àwọn Taíno gbẹ́ sí i lára kí òyìnbó kankan tó dé erékùṣù Puerto Rico. Ó fò sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ìdí tí a fi ń bọ̀ wá gbé e lọ́la nìyẹn. Inú gíláàsì ló yẹ kó wà, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé San Juan."

"San Juan kẹ̀? Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí?"

Bàbá àgbà Iraida ló wọ́ òkúta náà wá láti pápá bọ́ọ̀lù àwọn Taíno nísàlẹ̀ òkè, tí wọ́n to òkúta gbígbẹ́ yí ká, nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko kọfí. Ó ń wá àtẹ̀gùn, òkúta sì wà nílẹ̀. Ìjọba ti fi òfin dáàbò bo pápá náà báyìí, ṣùgbọ́n àlàfo òkúta yẹn ṣì là sílẹ̀ láàárín àwọn tó kù bí ẹnu tí eyín kan ti yọ. Bí Iraida bá ń mu kọfí láàárọ̀, àlàfo yẹn ló ń wò, ojú a sì máa tì í.

"Ẹ dá a padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀," ó ní. "Ilé rẹ̀ ò jìnnà."

"Ìjọba ló ni ín, Màmá. San Juan ni wọ́n ní ká gbé e lọ."

"Mo ti gbọ́. Ó dàbọ̀."

Bí ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́ kọ́nà, Iraida ké sí Monserrate, bàbá tí ilé wọn jọ kángun síra. "Mo fẹ́ bẹ ọ̀wẹ̀. Ká gbé òkúta yìí relé, lónìí."

"Wọ́n á tì ọ́ mọ́lé o, ìwọ obìnrin yìí."

"Kí wọ́n tì mí. Ṣé wàá wá àbí ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Kí lo máa sè?"

"Ìrẹsì olótìílí, pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀."

"O ò ṣe tètè sọ!"

Gbogbo àdúgbò jáde pẹ̀lú okùn àti igi. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pápá náà wà lára àwọn tó ń fa okùn. Kí oòrùn tó wọ̀, òkúta ti jókòó sí àlàfo rẹ̀ dígbí, wọ́n sì jẹun yó.

Lọ́jọ́ kejì, Arsuaga dé pẹ̀lú tírọ́ọ̀kù àti àwọn lébìrà, ó bá ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Iraida. Ó sáré lọ sí pápá. Iraida àti àwọn aládùúgbò ti dúró síwájú òkúta náà.

"Ẹ hú u!" ló kígbe mọ́ àwọn lébìrà rẹ̀.

Iraida na ọwọ́ sí pátákó ìjọba. "Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ kọ síbẹ̀."

Àwọn lébìrà kà á: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú òkúta nínú pápá yìí. Wọ́n ju ṣọ́bìrì sílẹ̀.

"Àná lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e débí!" ni Arsuaga pariwo.

"Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Bí ẹ bá fẹ́ mú mi, ọwọ́ mi rèé. Òkúta yìí ò ní lọ."

Arsuaga wo ọwọ́ tó nà síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. "Màá fẹjọ́ yín sùn ní San Juan."

"Ẹ bá wa kí wọn."

Nígbà tí tírọ́ọ̀kù lọ tán, Iraida padà sílé. Ẹnu ọ̀nà ti ga jù fún un. Ó ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó di férémù ìlẹ̀kùn mú, ó fi orúnkún gun inú ilé rẹ̀. Orúnkún dùn ún wọra. Ó gbé kọfí kaná, ó lọ sójú fèrèsé, ó sì wo pápá. Kò sí àlàfo kankan níbẹ̀ mọ́.