Ẹ̀wá Lẹ́nu Ìyá, Ẹ̀sán Lójú Fóònù

Ẹni tó bá mọ Mùrí mẹkáníìkì dáadáa á mọ̀ pé kò sí ohun tó ń tètè bí i nínú tó kí èèyàn sọ fún un pé ó ti dàgbà. Kareemah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ohun tó gbé e wá láti Ìbàdàn gan-an nìyẹn. Oṣù tó kọjá ni jáàkì yọ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀. Ọlọ́run ló kó o yọ, èjìká nìkan ló fi gbọgbẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Kareemah ò ti sùn dáadáa. Ó fẹ́ kí bàbá òun ti ọgbà mẹkáníìkì náà pa, kí tọkọtaya wọn kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun.

"Bàbá, ẹ ti ṣe é tó," ló wí. "Iṣẹ́ ogójì ọdún kì í ṣe kékeré."

Mùrí ò gbójú sókè. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ìka kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń nu ṣíbí. "Ta ló sọ pé ó ti tó? Ọwọ́ tó ń ṣe é ò tíì sọ fún mi."

Ọkọ̀ pupa kan ló wà níwájú wọn. Fọládé, olùkọ́ kan ní yunifásítì, ló ni ín. Ọkọ̀ náà ní tọ́bò, ìyẹn ohun kan tó ká bí ìkarahun ìgbín, tí èéfín ẹ́ńjìnnì máa ń yí, tí yóò sì máa fún afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Tọ́bò yìí ti kú láti ọdún méjì. Àwọn mẹkáníìkì ìlú ńlá ní kí Fọládé lọ ra tuntun. Mùrí ní kó gbé e wá, ó tú u palẹ̀, ó tún un ṣe, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

"Kí ni ìwé ọkọ̀ yìí wí, Àtọ́kẹ́?" Oríkì Kareemah nìyẹn. Bàbá rẹ̀ kì í pè é bẹ́ẹ̀ àfi tó bá ní nǹkan lọ́kàn.

Kareemah ṣí ìwé náà. "Wọ́n ní agbára ẹṣin àádọ́jọ ló ní. Wọ́n ní láti orí ìdúró dé eré ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ni."

"Ó dáa. Bó bá ṣe mẹ́sàn-án, o ò gbọdọ̀ dárúkọ Ìbàdàn sí mi létí mọ́. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé ọwọ́ ti ń tàn mí nìyẹn. Mo bá ẹ lọ, n ò ní jiyàn."

Kareemah gbà. Ó mọ̀ pé bàbá òun kì í yẹ àdéhùn.

Nígbà tí wọ́n kírun àárọ̀ tán lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sí títì Ilé-Ogbó, níbi tó ti gún régé, tí ọkọ̀ ò sì tíì pọ̀. Kareemah yọ fóònù rẹ̀, ó ní nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń wọn eré ọkọ̀.

"Fóònù tó sọ pé òjò ò ní rọ̀ lánàá?" ni Mùrí wí. "Tí aṣọ ìyá ẹ rẹ sórí okùn? Gbé e pa mọ́. Ìyá ẹ ló máa kà á."

Ràhámọ̀tù, ìyá Kareemah, ti jókòó sẹ́yìn, ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sókè sójú. "Ẹ má sọ̀rọ̀ sí mi láàárín o. Bí mo bá ti ń kà, n kì í dáhùn."

"A mọ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ọjọ́ tó o bá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi náà, o kì í dáhùn."

Kareemah gbé fóònù sórí itan, ó rọra tẹ̀ ẹ́ láìsọ fẹ́nì kan.

"Ó yá," ni Mùrí wí, ó sì tẹ iná mọ́ ọn.

Ọkọ̀ náà kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó ń ronú. Lẹ́yìn náà ni tọ́bò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ọkọ̀ sì gbá Kareemah mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Ràhámọ̀tù ń kà lọ lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ka ọsàn. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta…" Bó ṣe pe "ẹ̀wá" báyìí ni Mùrí ní, "Ọgọ́rùn-ún."

Wọ́n yí padà, nítorí títì náà rọra gòkè díẹ̀, wọ́n sì tún un sá láti apá kejì. Ẹ̀wá náà ni.

Mùrí wa ọkọ̀ padà sí ọgbà. Kareemah wo fóònù rẹ̀. Ní àlọ, mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Ní àbọ̀, ó dín díẹ̀ ní mẹ́sàn-án. Ó yí ojú fóònù náà délẹ̀ lórí itan rẹ̀.

Mùrí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó sípánà sínú àpótí, láti orí kékeré dé ńlá. Ràhámọ̀tù gbé ẹ̀kọ àti àkàrà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, Mùrí ní ebi ò pa òun. Kò bínú. Ìyẹn ló wá le jù. Ó ń nu sípánà kọ̀ọ̀kan kó tó fi í lélẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Kareemah rántí jáàkì tó yọ̀. Bí òun bá dákẹ́ báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó gbìyànjú láti dákẹ́. Ó dákẹ́ títí sípánà ku mẹ́ta nílẹ̀.

"Màámi, nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, kí lẹ pè?"

"Ení."

"Kò tíì rìn rárá nígbà yẹn?"

"Ìgbà tó gbéra náà ni mo ń sọ. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Òfo?"

"Ọjọ́ kelòó lẹ sọ mí lórúkọ?"

"Ọjọ́ kẹjọ. Gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Òru mélòó lẹ sùn láàárín?"

Ràhámọ̀tù ka ìka rẹ̀. Ó tún un kà. "Méje," ló wí, ó sì wo ọkọ rẹ̀. "Ọjọ́ tí mo bí i náà la pè ní oókan. Á jẹ́ pé ẹ̀wá tí mo kà, mẹ́sàn-án ni."

Mùrí dúró pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Kareemah gbé fóònù fún un. Ó wò ó títí.

"Àwa mẹ́ta la sì wà nínú ẹ̀," ni Kareemah wí. "Awakọ̀ nìkan ni ìwé wọn kà mọ́ ọn. Bí mo ṣe ṣírò ìwúwo wa sí i, ẹṣin àádọ́jọ yẹn pé, ó tún lé díẹ̀."

"Tó o bá dákẹ́, ò bá mú mi lọ."

"Ǹ bá mú yín lọ."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ máa ń gbọ́ ọ tí nǹkan kan bá ń dún nínú ẹ́ńjìnnì tí kò yẹ kó dún. Ẹ máa gbọ́ irọ́ yẹn lára mi lójoojúmọ́."

Mùrí rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó jókòó, ó fa àkàrà sọ́dọ̀, ó bù ú jẹ. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí ìdí ògiri.

"N ò lọ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n n ò ní wọ abẹ́ ọkọ̀ orí jáàkì mọ́. Kòtò la máa gbẹ́ síbẹ̀ yẹn, kí n máa dúró nínú ẹ̀ ṣiṣẹ́ bí ọmọlúàbí. Kó tó di ọ̀la tó o máa lọ, wá bá mi wọn gígùn rẹ̀." Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ má kà á o."