Kí Gìwá Tó Gbé Òkúta

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Jenta Adamu, àdúgbò wa ní Jọ́ọ̀sì, tó máa ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ìbínú ni mo fi wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Zawan lẹ́yìn ìlú lọ́jọ́ náà. Mo ti já gèlè kúrò lórí, mo ti fi gbàjá. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé bí gèlè mi bá ti kúrò lórí tó bọ́ sí ìdí, kí olúwarẹ̀ tètè wá ọ̀nà gbà ni. Obìnrin kan ń bọ́ ọkọ mi ní Zawan, mo sì fẹ́ lọ fi ojú mi rí i.

Lááwàlì lorúkọ ọkọ mi, ọmọ Ọ̀ffà bí tèmi. Ṣùgbọ́n ní Jọ́ọ̀sì, ta ló mọ Lááwàlì? Gìwá ni wọ́n ń pè é, erin nìyẹn lédè Haúsá. Agbára ló ń ṣe jẹun. Wọ́n á so okùn mọ́ lọ́rì, á fà á. Wọ́n á gbé òkúta kalẹ̀, á gbé e dé àyà. Ó ti gba ife ní Kàdúná, ó ti gbà á ní Káńò, ó ti gbà á ní Bauchi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í hàn lórí tẹlifíṣàn, gbogbo àdúgbò ló máa ń kún pálọ̀ wa, èmi á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí mi á máa wú. Ta ló bọ́ Gìwá? Ṣebí èmi Sàdíátù aránṣọ ni. Eegun lásán ni mo fẹ́, èmi ni mo fi ẹran bò ó.

Ẹ sì mọ̀ bó ṣe rí nílẹ̀ wa. Bí ọkùnrin bá sanra, wọ́n á ní ìyàwó rẹ̀ mọ ọkọ tọ́jú. Bó bá rù, wọn ò ní bi í léèrè, ìyàwó ni wọ́n á máa wò ní ìwòkuwò. Ìyá ọkọ mi ní Ọ̀ffà, kò sí irun tí wọ́n ń kí tí wọn kì í ṣàdúà fún mi nítorí ara ọmọ wọn. Àdúà yẹn dùn mọ́ mi ju wúrà lọ.

Àfi ìgbà tó di ọdún 1983, nígbà òjò, tí Gìwá bẹ̀rẹ̀ sí í dá oúnjẹ padà. Iyán tí mo fi ọwọ́ ara mi gún! Á bù ú díẹ̀, á ní, "Mo ti yó, Ìyá Nàfí."

"Ẹ ti yó kẹ̀? Kí lẹ jẹ?"

"Mo ti yó náà ni."

Nàfísátù ọmọ wa, tó jẹ́ pé Haúsá ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mama, Bàbá ya rame fa!" Ó ní bàbá òun ti rù. Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ rán ṣòkòtò ìdíje tuntun fún un, mo ta teèpù yí ìbàdí rẹ̀ ká, teèpù tí kì í ká a tẹ́lẹ̀ sì ká a, ó tún ṣẹ́kù. Mo ká teèpù mi kò.

Ó tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní gbogbo ọ̀sán. Awakọ̀ kan tó jẹ́ oníbàárà mi ló tú àṣírí pé Zawan ló ń lọ. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n! Ọkùnrin tí kò jẹun nílé, ibòmíì ló ti ń jẹ. Ẹ̀yin á ní, bó bá ń jẹun níta, kí ló dé tó ń rù? Ẹni inú ń bí kì í ro ìyẹn. Mo ní obìnrin náà kò mọ oúnjẹ sè ni.

Mo fẹ́ràn ọkọ mi, mi ò ní fi bò. Ìrònú pé ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò lè ran ìlà kan kó gún régé mọ́. Àárín ìyẹn ni Ìyá dé láti Ọ̀ffà, nítorí ìdíje ńlá kan ń bọ̀ ní Jọ́ọ̀sì, wọn ò sì tíì fi ojú ara wọn rí ọmọ wọn lórí pápá rí. Bí Lááwàlì ṣe dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n figbe ta.

"Yéè! Ta ló jẹ ọmọ mi kù báyìí? Sàdíátù, oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Kí lo fi ọmọ mi ṣe?"

Mo kúnlẹ̀. Gìwá ní, "Ìyá, ara mi le." Ó fi mí sílẹ̀ síbẹ̀ kí ojú máa tì mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bó ṣe jáde ni èmi náà jáde.

Nígbà tí mo dé Zawan, mo béèrè Gìwá, wọ́n nawọ́ sí ilé kan nítòsí ibi ìwakùsà àtijọ́. Obìnrin kan jókòó níwájú ilé, ó ń fẹ́ ọkà wínníwínní tí wọ́n ń pè ní áṣà. Arẹwà ni. Èyí tún bà mí nínú jẹ́ sí i. Mo fi Haúsá jágbe mọ́ ọn: "Ìwọ ni?"

Ó gbójú sókè, ó wo gèlè tó wà ní ìdí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìyàwó Gìwá. Sannu! Theresa ni mí. Orúkọ rẹ kì í kúrò lẹ́nu ọkọ rẹ." Ó gbọn eruku orí àpótí nù, ó gbé e fún mi. Kí lèèyàn fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà sí? Ó nawọ́ sí òkè iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn awakùsà kó jọ lẹ́yìn ilé. "Àwọn nìyẹn, òun àti ọkọ mi."

Ọkùnrin méjì ló ń gun òkè náà, oníkálukú gbé àpò yanrìn léjìká. Èyí tó wà níwájú kéré, ó tín-ín-rín, Matthias ọkọ Theresa ni, òun náà ń fi agbára jẹun bíi Gìwá. Ó ń sáré gòkè bí ẹni gbé òwú. Gìwá wà lẹ́yìn. Èémí rẹ̀ ń dún débi tí mo wà. Kó tó dé ìdajì, ó sọ àpò kalẹ̀, ó jókòó pẹ̀ẹ́ sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ di àyà mú.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gèlè tí mo fi gbàjá ni mo fi ń nu òógùn ojú rẹ̀.

"Ìyá Nàfí, kí lo wá ṣe níbí?"

"Èmi ni kí n bi yín léèrè! Kí lẹ̀ ń fi ara yín ṣe?"

Ó ń mí, ó ń mí, kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní òun lọ rí dókítà, dókítà ní ọkàn òun ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, pé bí òun kò bá sọ ẹran ara yìí kalẹ̀, òun kò ní pẹ́ láyé. "Bàbá mi náà nìyẹn. Ọkùnrin gìrìwò. Wọ́n sùn, wọn ò jí. Èmi ni mo sì jọ wọ́n jù."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Kí n wò ọ́ lójú, kí n ní oúnjẹ tí o fi ìfẹ́ sè ló ń pa mí lọ? Sàdíá, mi ò lẹ́nu ẹ̀."

Mo bú sẹ́kún. Mo ti rò pé obìnrin ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, àṣé ikú ni. Bí a bá sì ń sunkún, à máa ríran: mo rí Matthias tó ti gun òkè náà dé orí, tó tún ti sọ̀ kalẹ̀, tí kò mí hẹlẹ. Mo ní, "Kí ni ti ẹ̀yin àti ọmọ kékeré yìí?"

Gìwá rẹ́rìn-ín. "Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì adìẹ. Òun ló ń kọ́ mi. Bó bá jẹ́ lọ́rì fífà ni, ara ńlá dára. Màá kàn fara ti okùn ni, ara á ṣe ìyókù. Òkúta gbígbé lórí ìdúró náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá di ká gbẹ́rù gòkè, kí n tó gbé òkúta, mo ní láti kọ́kọ́ gbé Gìwá. Òun ló sì wúwo jù." Ó gbọn iyanrìn ọwọ́ rẹ̀ nù. "Mi ò ní purọ́ fún ọ o. Ara ńlá ló ń gba ife. Bí mo bá rù, ife lọ nìyẹn."

"Kí ife lọ! Ṣé ife ni màá máa kí káàbọ̀ nírọ̀lẹ́?"

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní ohun kan ló kù: kí n má sọ ọ́ fún Ìyá. "Àwọn ló bọ́ bàbá mi bí o ṣe bọ́ mi. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọn ò ní dárí ji ara wọn láéláé."

Mo gbà. Ẹ ò mọ ohun tí mo gbà. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń bu oúnjẹ kékeré fún ọkọ mi níṣojú ìyá rẹ̀. Ìyá á wo abọ́, wọ́n á pòṣé, wọ́n á lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò, wọ́n á ní ahun ni mí, pé mò ń fi ebi pa ọmọ àwọn. Wọ́n ra ẹran fúnra wọn, wọ́n sè é. Lááwàlì tọ́ ọ wò, ó dúpẹ́, ó gbé ìyókù fún Nàfísátù. Wọ́n sunkún lọ́jọ́ yẹn. Èmi tí n kì í gba ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mo gbé gbogbo èébú náà mì bí omi.

Ọjọ́ ìdíje pé. Pápá kún dẹ́nu. Èmi àti Ìyá jókòó pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀yìn sí mi. Lọ́rì fífà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin Gombe kan wà níbẹ̀, ó tóbi ju Gìwá àtijọ́ lọ. Ó fara ti okùn, lọ́rì sì tẹ̀lé e gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Nígbà tó kan ọkọ mi, lọ́rì mì, ó rìn díẹ̀, ó dúró. Àwọn èrò ń kígbe pé, "Ina Gìwá? Gìwá dà?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára.

Ìyá dìde, wọ́n yíjú sí mi níwájú gbogbo ayé. "Ẹ wò ó o! Ẹ wo obìnrin tó fi ebi pa ọmọ mi!"

Àwọn Yorùbá tó wà nítòsí ń wò mí. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Ẹyọ kan ṣoṣo tí mo bá sọ, màá bọ́ nínú ẹ̀gàn. Mo wo ilẹ̀. Mo gbé e mì.

Wọ́n gbé òkúta, ọkùnrin Gombe ló tún borí. Ó wá kan gbígbé àpò gun àtẹ̀gùn pápá, láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè. Matthias ló kọ́kọ́ ṣe é, ó sì dùn ún wò. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin Gombe bọ́ síbẹ̀. Ó ń gòkè, ó ń lọ́ra, ó dúró láàárín, àpò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó pẹ̀ẹ́ sórí àtẹ̀gùn, nítòsí ibi tí a wà, ó ya ẹnu sílẹ̀, ó fi ọwọ́ di àyà mú. Wọ́n sáré bu omi fún un, wọ́n ń fi aṣọ fẹ́ ẹ.

Ìyá ń wò ó. Mo rí i tí ojú wọn yí padà. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Bàbá Lááwàlì," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́. "Bí wọ́n ṣe máa ń jókòó nìyẹn, bí wọ́n bá ti oko dé. Èmi á ní ebi ló ń pa wọ́n. Màá lọ gúnyán kún iyán." Wọ́n yíjú sí mi. "Sàdíátù, ṣé nítorí èyí ni?"

Mo ti ṣèlérí, ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ fún ojú yẹn. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lááwàlì ló kàn. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọjá níwájú wa, ó ń lọ ní ìṣísẹ̀ kan náà, kò sáré, kò dúró. Ó dé òkè. Ó sọ àpò kalẹ̀, ó wẹ̀yìn, ó ń mí bí èèyàn ṣe ń mí. Mo kígbe débi tí ohùn mi há. Ara ọkùnrin Gombe náà wálẹ̀, òun náà ló sì gba ife nígbẹ̀yìn, nítorí lọ́rì àti òkúta. Matthias ló ṣe ìkejì. Ọkọ mi ṣe ìkẹta.

Nígbà tí a délé, Ìyá tẹ̀lé mi wọ ilé ìdáná. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n ní, "Èmi ni mo pa wọ́n, àbí?"

"Ìyá, ẹ má wí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò mọ̀. Ìfẹ́ lẹ fi bọ́ wọn."

"Ìfẹ́ náà ni," ni wọ́n wí, omijé wọn ń dà. "Wallahi, ìfẹ́ náà ni." Mo gbá wọn mọ́ra, a jọ sunkún wa. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìborùn nu ojú, wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba ìpọnkà lọ́wọ́ mi. Wọ́n bu iyán sí abọ́ ọmọ wọn, wọ́n dúró, wọ́n wo ojú mi.

"Ṣé báyìí tó?"

"Ẹ bù ú kúrò díẹ̀, Ìyá."

Wọ́n bù ú kúrò. Wọ́n gbé abọ́ náà lọ fún Lááwàlì fúnra wọn, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì ń tẹ́tí sí bó ṣe ń mí títí tó fi jẹun tán.