Tíì Aago Mọ́kànlá

Àkùkọ ìlú Curicó ò tíì kọ tí Guerline ti ń kọrin. Ó ń rin ọ̀dùnkún, ó ń da omi àgbọn sí i, ó ń wọ́n ṣúgà, ó ń mi ìdí níwájú sítóòfù:

*Afẹ́fẹ́ gbé mi dé, kò gbé ohùn mi lọ,*
*Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún mi o?*
*Ẹni bá ṣílẹ̀kùn á gbọ́ orin mi,*
*Ẹni bá tìlẹ̀kùn, orin á bá a nínú ilé.*

Kí ló dé tí inú obìnrin yìí dùn tó báyìí? Wọ́n pè é wọlé ni o! Láti Haiti ló ti wá sí Chile, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to ápù sínú páálí ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí òtútù ti ń pa á níka. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń gbé àdúgbò náà. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń bá a ṣàwàdà, wọ́n ń jẹ pátéè rẹ̀, ẹja oníyọ̀ tó ń fi ìyẹ̀fun wé tó sì ń dín. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kọjá ìlẹ̀kùn ẹnì kankan rí. Ara ọgbà ni gbogbo ọ̀rẹ́ pin sí.

Àfi lánàá, tí Doña Edelmira, ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ fara kan tirẹ̀, yọ orí lókè ọgbà. Òun ló ń kọ́ Guerline ní èdè ìlú, ọ̀rọ̀ kan lónìí, ọ̀rọ̀ kan lọ́la. “Ọmọ mi” ló máa ń pè é. Guerline náà á ní “Màmá.”

“Ọmọ mi, ọ̀la ni ìgbìmọ̀ ọjà máa sọ ẹni tí wọ́n fún ní àyè ìtajà tó ṣófo tí o tọrọ yẹn. Fọkàn balẹ̀. Ẹnu mi ni wọ́n ń wò.”

“Màmá, bí mo bá rí àyè yẹn, ó dìgbóṣe fún ápù nìyẹn! Pátéè ni mo máa dín títí màá fi darúgbó!”

“O ti rí i tán. Wá mu ónse lọ́dọ̀ mi lọ́la.”

Ónse? Edelmira fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní òǹkà, ónse sì ni mọ́kànlá. Aago mọ́kànlá nìyẹn!

“Ónse gééré, Màmá! Ẹ máa retí mi!”

Ẹni tí wọn ò pè wọlé rí, ta ni ì bá sọ fún un pé tíì ìrọ̀lẹ́, tòun ti búrẹ́dì àti píà, ni wọ́n tún ń pè ní ónse níbẹ̀?

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ lù, Guerline ti wọ aṣọ òféèfèé, ó fi aṣọ funfun wé búrẹ́dì ọ̀dùnkún rẹ̀. Ó kanlẹ̀kùn iwájú, wọn ò gbọ́. Ó gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìnkùlé, ó bá yípo lọ síbẹ̀. Ìlẹ̀kùn ilé ìdáná ò padé tán. Ó ti na ọwọ́ kó kàn án, ló bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

“Guerline wá ńkọ́?” Don Eleuterio, olórí ìgbìmọ̀ ọjà tó pé jọ síbẹ̀, ló ń sọ̀rọ̀. “Ṣebí ìwọ Edelmira lo ní ká jẹ pátéè rẹ̀ dandan. Mo jẹ ẹ́ títí, ìyàwó mi ní kí n kúkú kó lọ síbẹ̀!”

Ẹ̀rín sọ.

“Ìyẹn kí Yasna ọmọ àbúrò mi tó ní òun náà fẹ́ àyè,” ni Edelmira wí. “Ó dùn, ta ló ní kò dùn? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn! Ta ló máa ra àkàrà elégédé Yasna, tí ti èyí bá ń ta sánsán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?”

“Kí la máa wá sọ fún un?”

“Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún mi. Màá ní ẹ̀yin lẹ kọ̀. Màá ní mo jà títí ohùn mi fi há. Á sunkún díẹ̀, màá bu tíì fún un. Ó gbà mí gbọ́ bí ọmọ ọwọ́.”

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò yé Guerline. Jà. Ohùn. Tíì. Ọmọ ọwọ́. Edelmira ló kọ́ ọ ní gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ tó kọ́ ọ náà ló fi tà á.

Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn padà sílé. Ó jókòó, ó gbé búrẹ́dì lé itan, títí búrẹ́dì fi tutù.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ohùn kan ké láti ọgbà: “Guerline! Ọmọ mi! Àsìkò ónse ti tó, tíì ń tutù o!”

Ónse? Pẹ̀lú oòrùn tó ń wọ̀? Ó yé e wàyí. Ó rẹ́rìn-ín kan ṣoṣo, ẹ̀rín tí kò dé eyín. Ó gbé búrẹ́dì, ó lọ.

Edelmira ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó ti gé píà. Ó di ọwọ́ Guerline mú. “Ọmọ mi, wọ́n kọ̀ o. Mo jà! Mo jà títí ohùn mi fi há. Àwọn ọkùnrin yẹn ò láàánú.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìjà.” Guerline ro ṣúgà inú tíì. “Mo ṣi ónse gbọ́. Mo rò pé aago mọ́kànlá lẹ ní kí n wá.”

“Háà! Ọmọ yìí, o pa mí lẹ́rìn-ín!”

“Mo sì wá. Ìlẹ̀kùn ilé ìdáná yín ò padé tán.”

Ife dúró lẹ́nu Edelmira. “Ọmọ mi...”

“Ẹ kọ́ mi lédè dáadáa. Gbogbo ẹ̀ ló yé mi.”

Guerline dìde. Ó fi búrẹ́dì sílẹ̀ lórí tábìlì.

“Gbé e lọ, jọ̀ọ́,” ni Edelmira wí. “Mi ò lè jẹ ẹ́.”

“Ẹ jẹ ẹ́, Señora. Ó dùn. Ohun tó ń bà yín lẹ́rù gan-an nìyẹn.”

Señora! Orúkọ tí èèyàn ń pe obìnrin tí kò mọ̀ rí ní ibùdókọ̀. Ó gún Edelmira ju èébú lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ìka Guerline á padà sínú òtútù ápù. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ yẹn, ó dúró sídìí ọgbà, ó la ẹnu, ó kọ orin rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Edelmira yára ti fèrèsé.

Orin bá a nínú ilé.