Àyẹ̀wò Mẹ́ta fún Tìẹńkọ́

Nígbà tí bàbá Àyìnkẹ́ wà láyé, kò sí àárọ̀ tí kì í fi ajá bú aládùúgbò. Ṣàngódèyí, aládùúgbò náà, ló kọ́kọ́ fi ògiri wọn tó wó rẹ́rìn-ín. Bàbá gba ìlú Lagbé lọ, ó gbé ọmọ ajá kan bọ̀, ó sọ ọ́ ní Tìẹńkọ́, ìyẹn ni pé ògiri tìẹ ńkọ́? Láti ìgbà náà, tílẹ̀ bá ti mọ́, á kọjú sílé Ṣàngódèyí, á fi ohùn bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà ké pé: "Tìẹńkọ́ o! Tìẹńkọ́ dà?" Ṣàngódèyí á fìbínú da omi ìbọ́jú rẹ̀ nù.

Bàbá ti kú báyìí. Àyìnkẹ́ ló ń pe ajá náà láràárọ̀, tó bá sì ti pè é, bíi pé bàbá tún yọjú sí àgbàlá ni. Àfi bí kókó ṣe so sábẹ́ àgbọ̀n ajá, ó tó ẹyin awó.

Àyìnkẹ́ fi ìborùn wé ajá lórí, ó gbé e gun alùpùpù sẹ́mijáàn lọ sọ́dọ̀ Oyèwùmí, dókítà ẹran. Lọ́nà, obìnrin kan rí orí tí wọ́n wé náà, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá, ara á yá o."

Tìẹńkọ́ gbó.

"Yéè! Ikọ́ yìí mà le o!"

Dókítà fi abẹ́rẹ́ fa omi kókó náà, ó fi ránṣẹ́ sí lábò, ilé àyẹ̀wò, l'Ájàṣẹ́. Wọ́n ní jẹjẹrẹ inú kókó ara ni, irú tí kì í gbọ́ oògùn. Àyìnkẹ́ ní òun ò gbà. Dókítà bá gé díẹ̀ lára kókó náà, ó fi ránṣẹ́ sí Kútọnu. Àwọn yẹn ní jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, àmọ́ irú tí oògùn lè rọ̀ ni.

"Dókítà, èwo la fẹ́ gbà?"

"Bon, ó dáa, ohun tí abẹ́rẹ́ fà ti tú ká, bí ata kan ṣoṣo téèyàn fẹ́ fi mọ irú ọbẹ̀. Èyí tá a gé, wọ́n rí bó ṣe tò. Òun ni mo gbà jù. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, èyí tó ń wá ìdílé hóró ara tí jẹjẹrẹ náà ti ṣẹ̀ wá."

Bí wọ́n ṣe ń retí èsì, ajá ò jẹun mọ́. Àyìnkẹ́ ò lè pe orúkọ náà mọ́ láràárọ̀. Àgbàlá dákẹ́ rọ́rọ́.

Àfi gbàà! Ṣàngódèyí já wọlé, ojú rẹ̀ dọ̀tí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kẹ́ ẹ dákẹ́? Láti ọjọ́ yìí, mi ò rídìí tí màá fi bọ́jú!"

"Bàbá, Tìẹńkọ́ ń kú lọ ni."

Ṣàngódèyí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí ajá, ó tún fà á padà. "Bàbá ẹ ò ṣe dáadáa," ló ní. "Ó bú mi tán, ó lọ."

Èsì kẹta dé, ó bá ti Kútọnu mu. Dókítà ní oògùn ò ní wò ó tán, ṣùgbọ́n ó lè fún un láyè díẹ̀ sí i. Tìẹńkọ́ tu oògùn náà sí Àyìnkẹ́ lára. Ṣàngódèyí ló fi í sínú ẹja yíyan kí ajá tó gbé e mì.

Nígbà tó yá, Àyìnkẹ́ jí láàárọ̀, ohun tó gbọ́ mú un dìde fùú. Ohùn ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà!

"Tìẹńkọ́ o! Tìẹńkọ́ dà?"

Ó yọjú. Ṣàngódèyí ló dúró sídìí ọgbà wọn, ó kọjú sí ilé ara rẹ̀, ó ń pariwo. Tìẹńkọ́ ń ju ìrù. Nígbà tí Ṣàngódèyí pè é tán, ó sáré wọlé tirẹ̀, ó gbé omi ìbọ́jú jáde, ó sì fìbínú dà á nù.